Atukọ̀ Tí Ọwọ́ Rẹ̀ Ń Gbọ̀n

Abẹ́ tábìlì ni Rọra wà lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ pàdé ọkọ rẹ̀.

Kì í ṣe pé ó ń wá nǹkan tó bọ́ sílẹ̀. Ó sá pamọ́ ni. Tíkẹ́ẹ̀tì ló ń tà ní èbúté, nínú yàrá kótópó kan tó ní fèrèsé onígíláàsì, fún àwọn èrò tó ń wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá sí òdìkejì odò. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn, ẹ̀rọ tó ń tẹ tíkẹ́ẹ̀tì dákẹ́ lójijì, bẹ́ẹ̀ àwọn èrò ti tò dé ojú títì. Ọkùnrin kan ń gbá gíláàsì. Obìnrin kan béèrè bóyá oorun ni wọ́n ní kó wá máa sùn níbẹ̀. Àyà Rọra bẹ̀rẹ̀ sí í lù kì-kì-kì, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tutù bí ẹja, ló bá fa aṣọ fèrèsé, ó wọ abẹ́ tábìlì lọ, ó sì gbá orúnkún mọ́ra.

Ohun tí ìyá rẹ̀ kọ́ ọ láti kékeré nìyẹn. "Bí àyà rẹ bá ti ń já, jókòó. Má ṣe nǹkan kan títí yóò fi lọ. Àyà jíjá ló pa bàbá rẹ."

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ pé Rọra kọ́ ni orúkọ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló ń pariwo "rọra, rọra" tẹ̀lé e kiri láti ìgbà tó ti ń rákòrò, títí àwọn ará àdúgbò fi rò pé bí wọ́n ṣe sọ ọ́ lórúkọ nìyẹn.

Ẹnìkan kan ilẹ̀kùn ẹ̀yìn.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú o. Ṣé ẹ ní omi mímu níbí?"

Kí Rọra tó dáhùn, ilẹ̀kùn ti ṣí. Ọkùnrin gíga kan ló wọlé, ó wọ aṣọ iṣẹ́ funfun tuntun tí ojú ibi tí wọ́n ti ká a nínú páálí ṣì hàn lára rẹ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì rí i lábẹ́ tábìlì. Ẹnu kò yà á, kò sì bi í pé kí ló ń ṣe níbẹ̀.

"Ẹ kú ìjókòó o," ó ní.

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Rọra kó tó mọ̀. Ó na ìgò omi sí i láti ibi tó wà. Ọkùnrin náà gbà á, àmọ́ bó ṣe gbé e sẹ́nu, ìdajì rẹ̀ dà sí àyà aṣọ funfun náà. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n bí ewé.

"Ọwọ́ yín ń gbọ̀n," Rọra sọ fún un.

"Ó ń gbọ̀n. Àyà mi náà ń lù bí ẹni ń gún nǹkan nínú odó. Èmi ni atukọ̀ tuntun. Òní ni mo máa kọ́kọ́ dá gbé èrò."

Ojú Rọra là. "Gbogbo èrò tó wà níta yìí? Pẹ̀lú ọwọ́ yìí? Ṣé ẹ ò ní kọ́kọ́ jókòó ni, kó lè lọ?"

"Kó lọ síbo?" Ọkùnrin náà fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu. "Ara mi ló gbọ́ pé iṣẹ́ ńlá ń bọ̀, ó ń kó irinṣẹ́ jọ. Ẹ̀jẹ̀ ń sáré lọ síbi tí wọ́n ti fẹ́ lò ó, ojú mi ń là sí i. Tí mo bá lé gbogbo rẹ̀ lọ, kí ni mo fẹ́ fi wa ọkọ̀?"

Ó dá ìgò padà, ó dúpẹ́. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà. "Ara tiyín náà ti kó irinṣẹ́ tiẹ̀ jọ. Ẹ lò ó kó tó tú ká."

Ọ̀rọ̀ náà jọ ọ̀rọ̀ wèrè létí Rọra. Láti ọjọ́ tó ti dáyé, kò tíì gbọ́ ẹni tó sọ̀rọ̀ àyà jíjá bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ àlejò rere. Ó ṣáà jókòó síbẹ̀ fúngbà díẹ̀, àyà ń lù, ó sì ń gbọ́ bí ariwo ṣe ń pọ̀ sí i níta. Lẹ́yìn náà ló jáde lábẹ́ tábìlì, ó ṣí aṣọ fèrèsé, ó fa bébà ya wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ kọ tíkẹ́ẹ̀tì. Ìkọ̀wé rẹ̀ rí wágowàgo bí ipasẹ̀ adìyẹ. Àmọ́ èrò ń lọ. Ìgbà tó ta bíi méjìlá ló tó rántí wo ọwọ́ rẹ̀, ọwọ́ náà sì ti gbàgbé pé òun ń gbọ̀n.

Láti ojú fèrèsé, ó wo ọkọ̀ náà bó ṣe kúrò ní èbúté. Ó kọ́kọ́ yẹ̀ díẹ̀ sápá òsì, lẹ́yìn náà ló tọ́, ó sì ń lọ.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, atukọ̀ náà padà wá pẹ̀lú ìgò omi tuntun lọ́wọ́.

"Mo wá san gbèsè," ó ní.

"Ìdajì rẹ̀ lẹ mu. Aṣọ yín ló mu èyí tó kù."

"Ẹ jẹ́ kí n san ti aṣọ náà pọ̀ mọ́ ọn."

Bí ọ̀rọ̀ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ní ọjọ́ kejì, ó mú búrẹ́dì wá. Ní ọjọ́ kẹta, Rọra ti gbé àga kejì sínú yàrá kótópó náà. Kò pẹ́ tí "ẹ" fi di "o," àwọn tó ń so okùn ọkọ̀ ní èbúté sì bẹ̀rẹ̀ sí í kí Rọra pé, "Ìyàwó atukọ̀, ẹ káàárọ̀ o." Á ní kí wọ́n má fòun ṣe yẹ̀yẹ́, bẹ́ẹ̀ inú rẹ̀ á máa dùn dénú egungun.

Rọra sọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ fún atukọ̀. Atukọ̀ ni bàbá náà, lórí odò yìí kan náà. Nígbà tí Rọra wà ní kékeré, á gbé e sórí àpótí kó lè rí iwájú, á máa kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ka ojú omi: ibi tó bá ṣú, ó jìn, ibi tó bá ń hó wẹ́wẹ́, nǹkan wà lábẹ́ rẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni Rọra lọ́jọ́ tí ìjì kan jà, tí bàbá rẹ̀ gúnlẹ̀ láyọ̀, tí gbogbo èrò sọ̀ kalẹ̀, tí òun fúnra rẹ̀ sì ṣubú nídìí ìtọ́kọ̀ tí kò dìde mọ́. Ìyá rẹ̀ ní másùnmáwo ló pa á. Láti ọjọ́ náà, ìyá náà kò fẹsẹ̀ kan odò mọ́.

"Ilé wa wá di ilé jẹ́jẹ́," Rọra ní. "A kì í pariwo, a kì í sáré. Télọ̀ ni Màmá, àmọ́ tí oníbàárà bá ní kíákíá lòun fẹ́ ẹ, Màmá á ní kó gbé aṣọ rẹ̀ lọ. Mo ṣe olùkọ́ fún ọjọ́ kan ṣoṣo. Àyà mi já níwájú àwọn ọmọ, mo sọ ọ́ nílé, Màmá ní mi ò gbọdọ̀ padà síbẹ̀. Ohun tí kò yé mi ni pé bí wàhálà ṣe ń dín kù láyé mi, bẹ́ẹ̀ ni àyà mi ń já sí i. Ní báyìí, tí ilẹ̀kùn bá kàn gbàgà, mo ti wá ibi jókòó."

Atukọ̀ kò rẹ́rìn-ín. "Ìgbà tí mo kọ́kọ́ ṣe ìdánwò atukọ̀," ó ní, "mo bì sára ọ̀gá tó ń dán mi wò."

"Irọ́ ni."

"Sórí bàtà rẹ̀, bàtà aláwọ̀ tuntun. Mo sá jáde nínú ọkọ̀. Mo ní ara mi ló ń sọ fún mi pé mi ò tó bẹ́ẹ̀. Ọdún kan gbáko ni mo fi ń fọ ilẹ̀ ọkọ̀ tí àwọn ẹlòmíì ń wà. Ìyá àgbà kan tó ń kọ́ wa níṣẹ́ ló pè mí lọ́jọ́ kan. Ó ní, 'Nígbà tí o kọ́kọ́ kọ ẹnu ìfẹ́ sí ọmọbìnrin, ṣé àyà rẹ ò lù?' Mo ní ó lù, mà. Ó ní, 'Ṣé o lọ sọ́dọ̀ dókítà?'"

Rọra rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló béèrè pé, "Ṣé òótọ́ ni pé ó lù?"

"Ó ń lù báyìí," atukọ̀ dá a lóhùn.

Tèmi náà ń lù, Rọra sọ nínú ara rẹ̀, kò sì wá ibi jókòó torí pé orí àga ló wà tẹ́lẹ̀.

Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ náà ní ọkọ̀ kékeré kan tí òṣìṣẹ́ tó bá fẹ́ kọ́ṣẹ́ atukọ̀ lè lò. Ní ọjọ́ ìsinmi kan, atukọ̀ mú Rọra wọ inú rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ Rọra lé ìtọ́kọ̀, ó sì sún sẹ́yìn.

"Ó ti ń já," Rọra ní, ohùn rẹ̀ fẹ́lẹ́.

"Jẹ́ kó já. Ọwọ́ rẹ dà?"

"Ó wà lórí ìtọ́kọ̀."

"Ojú rẹ dà?"

"Ó wà lójú omi."

"Kí ló wá kù, ayọ̀ mi? Máa lọ."

Ó ń lọ. Ibi tó ṣú, ó gba ibẹ̀. Ibi tó ń hó wẹ́wẹ́, ó yà fún un. Ohun tí bàbá rẹ̀ kọ́ ọ lórí àpótí kò tíì kúrò lára rẹ̀ rárá. Àyà rẹ̀ ń lù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àmọ́ nígbà tó so ọkọ̀ mọ́lẹ̀, ó rí i pé òun kò tíì ríran kedere tó bẹ́ẹ̀ rí láyé òun. Oṣù mélòó kan ló fi ń kọ́ ọ. Àyà kò yéé já. Òun ló yéé pè é ní ikú.

Ọjọ́ ìsinmi kan bẹ́ẹ̀ ni atukọ̀ pa ẹ́ńjìnnì láàárín odò, tí ọkọ̀ náà ń mì jẹ́jẹ́.

"Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ," ó ní. "Mo fẹ́ kó o jẹ́ aya mi. Mo sì fẹ́ kó o ṣe ìdánwò atukọ̀, torí pé o mọ odò yìí jù mí lọ."

"Èmi náà nífẹ̀ẹ́ rẹ," Rọra ní. Ojú rẹ̀ kún fún omijé. "Nǹkan méjèèjì yẹn ni mo fẹ́. Àmọ́ Màmá mi ò ní gbà. Kò ní gba ọ̀kan, ká má tíì wá sọ méjì."

"Jẹ́ kí n wá rí wọn."

Ó lọ rí wọn lóòótọ́. Yàrá ìgbàlejò ìyá Rọra ló tún jẹ́ ibi tó ti ń ránṣọ: ẹ̀rọ ìránṣọ wà lẹ́bàá fèrèsé, aṣọ kọ́ káàkiri, òwú wà lórí àga gbogbo. Atukọ̀ tó ń gbé èrò kọjá odò lójoojúmọ́ wọlé níbẹ̀, ó kí ìyá tó ń retí pé yóò di àna òun dáadáa, ó jókòó, ó sì fò sókè bí ẹni tí agbọ́n ta. Ìrọ̀rí abẹ́rẹ́ ló jókòó lé.

Ìyá náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbìyànjú láti má rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó rẹ́rìn-ín. Rọra mí kanlẹ̀. Wọ́n mu tíì. Ọ̀rọ̀ dùn fúngbà díẹ̀.

"Iṣẹ́ wo lò ń ṣe, ọmọ mi?" ìyá náà béèrè.

"Atukọ̀ ni mí, mà."

Ìyá náà gbé ife tíì kalẹ̀. "Orí odò wo?"

"Odò wa yìí, mà."

"Mo ti sin ọ̀kan," ìyá náà ní. "Agbára mi ò gbé e láti sin ìkejì. Ọmọ mi ò ní máa jókòó sẹ́nu ọ̀nà bí mo ṣe jókòó, kó máa wo ojú ọ̀run bóyá òjò ń bọ̀. Wàhálà yẹn á pa ìwọ, á sì pa òun náà."

Ó yẹ kí Rọra dákẹ́, kó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tutù. Àmọ́ ó ti dákẹ́ láti ọmọ ọdún mọ́kànlá. "Màmá," ó ní, "mi ò ní jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Èmi náà ń kọ́ ọ. Mo fẹ́ ṣe ìdánwò atukọ̀."

Ìyá náà fọwọ́ gbá àyà mú, ó fara ti ẹ̀rọ ìránṣọ, ojú rẹ̀ pọ́n. "Ẹ̀yin méjèèjì fẹ́ pa mí," ó ní. Rọra sáré sí i, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó ń bẹ̀bẹ̀, ó sì juwọ́ sí atukọ̀ pé kó máa lọ.

Nígbà tí ara ìyá náà balẹ̀, Rọra jáde sójú títì. Atukọ̀ ń dúró dè é.

"Pẹ̀lẹ́," ó ní. Ká ní ó dá ọ̀rọ̀ dúró síbẹ̀ ni. Àmọ́ ó fi kún un pé, "Mo rò pé Màmá kàn ń díbọ́n ni, olólùfẹ́ mi. Wọ́n mọ̀ pé bí àwọn bá ti gbá àyà mú, wàá ṣe ohun tí wọ́n fẹ́. Ẹ̀rù kì í pààyàn."

Rọra kọjú sí i. "Kì í pààyàn? Ta ló wá pa bàbá mi?"

Atukọ̀ na ọwọ́ sí i, àmọ́ Rọra sún sẹ́yìn.

"O ti rí irinṣẹ́ rẹ, o rò pé òun ni gbogbo ayé máa fi kọ́lé. Mi ò lè fi Màmá mi dánra wò. Má wá sí fèrèsé mi mọ́."

Ó wọlé. Ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé àga kejì jáde kúrò nínú yàrá tíkẹ́ẹ̀tì.

Ọjọ́ ń lọ. Atukọ̀ á gba iwájú fèrèsé kọjá, á rọra tẹ orí ba, á sì máa lọ sídìí ọkọ̀ rẹ̀. Rọra ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Kò lọ sídìí ọkọ̀ kékeré mọ́. Nílé, ìyá rẹ̀ ń se oúnjẹ tó fẹ́ràn fún un, ó ń pè é ní ọmọ dáadáa, bẹ́ẹ̀ àwọn méjèèjì kì í lè jẹ oúnjẹ náà tán.

Òòyì ló mú ọ̀rọ̀ jáde. Ó ń kọ́ ìyá náà lójú lemọ́lemọ́, títí ó fi gé ọwọ́ aṣọ oníbàárà kan kúrú ju ìkejì lọ. Rọra fi dandan mú un lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà tó wà níbẹ̀, obìnrin onísùúrù kan, so nǹkan mọ́ ọn lápá, ó wò ó, ó sì tún un wò.

"Ẹ̀jẹ̀ yín ga, mà. Oògùn tí mo fún yín lọ́dún tó kọjá ńkọ́?"

"Mi ò lò ó," ìyá náà ní. "Mo ń sá fún wàhálà. Ìyẹn náà tó."

Rọra kọjú sí ìyá rẹ̀. Kò gbọ́ rí pé oògùn kankan wà.

Dókítà fa àga sún mọ́ wọn. "Mi ò ní parọ́ fún yín, mà. Wàhálà tí kò ní ìsinmi, tí èèyàn ń dá nìkan gbé, kò dára fún ara. Àmọ́ kí àyà máa lù torí pé nǹkan ṣe pàtàkì sí èèyàn, àìsàn kọ́ nìyẹn. Ẹ ti ń sá fún wàhálà láti ọdún gbọọrọ, ṣé ẹ̀jẹ̀ yín wá sílẹ̀? Ẹ̀jẹ̀ ríru ò mọ̀ pé ẹ ń sá. Oògùn ló mọ̀."

Wọ́n gba oògùn, wọ́n jáde. Nígbà tí wọ́n dé ìdí bẹ́ǹṣì kan lójú ọ̀nà, ìyá náà jókòó.

"Bàbá rẹ náà ní oògùn," ó ní.

Rọra jókòó tì í.

"Oògùn kan náà. Ó ní ó ń kọ́ òun lóòyì nídìí ọkọ̀. Èmi ni mo ní kó jù ú nù. Mo ní, 'Ìsinmi lo nílò. Fi oògùn sílẹ̀, fi ọkọ̀ náà sílẹ̀.' Ó fi oògùn sílẹ̀. Kò fi ọkọ̀ sílẹ̀." Ìyá náà ń fi ìka yí etí báàgì oògùn po. "Bó bá jẹ́ másùnmáwo ló pa á, odò ló pa á nìyẹn. Bí kò bá jẹ́ másùnmáwo…"

Rọra gbá ìyá rẹ̀ mọ́ra níbẹ̀, lójú gbogbo àwọn tó ń kọjá. Gbogbo "rọra, rọra" tó ti ń gbọ́ láti kékeré, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ibi tó ti ń wá ni. "Ire rẹ̀ lẹ ń wá, Màmá," ó ní. "Ohun tẹ́ ẹ mọ̀ lẹ sọ fún un. Ẹ̀yin kọ́ lẹ pa á."

Wọ́n sunkún pọ̀. Nígbà tí ẹkún lọ sílẹ̀, ìyá náà béèrè nǹkan kan tí kò béèrè rí.

"Ìwọ lo máa ń wà lọ́dọ̀ rẹ̀ níbẹ̀. Ṣé inú rẹ̀ máa ń dùn nídìí ọkọ̀ yẹn?"

"Ó máa ń kọrin, Màmá. Pàápàá tí afẹ́fẹ́ bá le."

"Orin?" Ìyá náà wò ó pẹ̀lú ìyàlẹ́nu. "Kò kọrin nílé rí o."

Ó ronú sí i, ó nu ojú, ó sì dìde. "Lọ pe ọmọ yẹn padà wá," ó ní. "Èyí tó jókòó lé mi lábẹ́rẹ́."

Rọra kò dúró dọ̀la. Ó bá atukọ̀ nínú ọkọ̀, ó ń ká okùn. Bí atukọ̀ ṣe rí i, okùn bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi," ó ní. "Mo ṣẹ̀ ọ́. Mo pe ìrora Màmá ní eré. Ohun kan ló ran èmi lọ́wọ́, mo wá ń ṣe bí ẹni tó mọ ọkàn gbogbo ayé. Dárí jì mí."

"Mo ti dárí jì ọ́. Èmi náà sọ̀rọ̀ tó le." Ó sọ ohun tí ìyá rẹ̀ sọ fún un lórí bẹ́ǹṣì. Atukọ̀ ṣí fìlà, ó sì dì í mú sí àyà títí Rọra fi parí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

"Ṣé o ṣì fẹ́ mi?" Rọra béèrè.

"Láti abẹ́ tábìlì ni mo ti fẹ́ ọ," ó ní, ó sì fà á mọ́ra. Àwọn tó ń so okùn ní èbúté pàtẹ́wọ́, ẹnìkan sì kígbe pé kí wọ́n bọ̀wọ̀ fún ọkọ̀ ìjọba.

Ìyá gbà pé kí wọ́n fẹ́ra. Ti ìdánwò, kò dáhùn sí i. Ó ní òun á máa lo oògùn òun, òun á sì máa ronú.

Ọjọ́ ìdánwò kò ṣe wọ́n lóore. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ láti àárọ̀, omi ń ru. Ọkọ̀ ńlá tó kún fún èrò ni Rọra máa wà kọjá odò, ọ̀gá tó fẹ́ dán an wò á sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: bàbá kan tí kì í rẹ́rìn-ín, tó mú agboòrùn lọ́wọ́ bí ọ̀pá àṣẹ. Rọra ń lọ sídìí ìtọ́kọ̀ nígbà tó rí ìyá rẹ̀ létí omi, nínú aṣọ rẹ̀ tó dára jù. Atukọ̀ dì í lọ́wọ́ mú.

"Màmá, ẹ lè dúró síbí kẹ́ ẹ máa wò ó," atukọ̀ ń sọ fún un.

"Ṣé fíìmù ni?" ìyá náà ní. Ó ká etí aṣọ sókè, ó gba orí pákó kọjá, ó sì wọ inú ọkọ̀ ojú omi fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ ti kú.

Àyà Rọra lù bí kò ṣe lù rí. Ẹ jẹ́ kó lù, ó ní nínú ara rẹ̀. Ọkàn mi wà nínú ọkọ̀ yìí, báwo ni kò ṣe ní lù?

Ó gbéra. Ó kọjú ọkọ̀ sí afẹ́fẹ́, ó ń gba ibi tó ṣú lọ. Wọ́n ti dé àárín odò nígbà tí ọkọ̀ akóyanrìn kan yọ láti ìsàlẹ̀ odò, ó gùn, ó wúwo, ó sì ń bọ̀ wá dábùú ọ̀nà wọn. Afẹ́fẹ́ sì ń ti Rọra sí i. Èrò kan lọgun. Ọwọ́ Rọra ń gbọ̀n, bẹ́ẹ̀ ló sì ń ṣiṣẹ́: ó fun fèrè ọkọ̀, ó dín eré kù, ó yí ìtọ́kọ̀ díẹ̀, ó dúró, ó tún yí i díẹ̀. Gbogbo nǹkan hàn sí i kedere, okùn tó wà létí ọkọ̀ akóyanrìn, fìlà ẹni tó ń wà á, àlàfo tó wà láàárín wọn. Ọkọ̀ akóyanrìn náà kọjá níwájú wọn wọ́ọ́rọ́wọ́, ìgbì rẹ̀ gbé wọn sókè, ó sì sọ̀ wọ́n kalẹ̀.

Níta, ìyá rẹ̀ ti di ọ̀pá etí ọkọ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ kan, ó di apá atukọ̀ mú pẹ̀lú ìkejì. Ó ṣàdédé ní, "Dákẹ́. Kí ni mò ń gbọ́ yẹn?"

Atukọ̀ tẹ́tí sílẹ̀. Ohùn kan ń jáde láti yàrá ìtọ́kọ̀, ó lọ sílẹ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ dún lóhùn orin, àmọ́ inú ẹni tó ń kọ ọ́ dùn. Rọra kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun ń kọrin.

Omijé ń ṣàn lójú ìyá náà, ẹ̀rín sì wà lẹ́nu rẹ̀. "Ọmọ rẹ̀ ni," ó ní. "Ọmọ rẹ̀ ni lóòótọ́."

Rọra gúnlẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni gbé ẹyin kalẹ̀. Ọ̀gá náà wo ọwọ́ rẹ̀ lórí ìtọ́kọ̀.

"Ọwọ́ yín ṣì ń gbọ̀n."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Mo rí i. Mo sì rí ohun tó ṣe." Ó ti agboòrùn rẹ̀ bọ abẹ́ apá, ó na ọwọ́ sí i. "Ẹ yege, atukọ̀."

Ìyá ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kò ní kó rọra. Ó gbá a mú débi pé bọ́tìnnì aṣọ rẹ̀ já, òun télọ̀ fúnra rẹ̀.

Wọ́n ṣègbéyàwó ní kọ́ọ̀tù lóṣù tó tẹ̀ lé e. Ìyá ló rán aṣọ ìyàwó, kíákíá ló sì rán an, torí pé ó yí ọkàn padà lórí ọwọ́ aṣọ náà lọ́sẹ̀ tó kẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n ní kí ọkọ ìyàwó fọwọ́ síwèé, ìkọ̀wé rẹ̀ rí wágowàgo. Ìyàwó rẹ́rìn-ín débi pé akọ̀wé kọ́ọ̀tù fi gíláàsì ojú rẹ̀ kalẹ̀ kó lè bá wọn rẹ́rìn-ín.

Òdìkejì odò ni wọ́n gba ilé sí. Rọra ń wa ọkọ̀ àárọ̀, ọkọ rẹ̀ ń wa ti ọ̀sán. Ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta, ìyá náà á lo oògùn rẹ̀, á gbé ìránṣọ sínú báàgì, á sì sọdá lọ kí wọn.

Ní ọjọ́ kan tí afẹ́fẹ́ le, ọmọbìnrin kan tó jókòó tì í nínú ọkọ̀ di àga mú títí ìka rẹ̀ fi funfun. "Ẹ jọ̀ọ́, Màmá," ó ní, "ṣé àyà yín ò já ni?"

"Ó ń já, ọmọ mi," ìyá náà ní. "Ó ti ń já láti èbúté." Ó kó báàgì rẹ̀ kúrò lórí àga, ó sì fọwọ́ pa ibẹ̀. "Ọmọ tèmi ló ń wa ọkọ̀ náà. Sún mọ́ mi níbí, ká jọ wo bó ṣe máa gúnlẹ̀."